Ogójì Ìṣísẹ̀ sí Géètì Ilé Ìwòsàn

Àwọn tó ń kun ìlà sójú títì kì í rí ìyìn gbà. Táyà á tẹ iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òjò á tún rọ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa dúró láàárín títì kó ní, "Ẹ wo bí ìlà yìí ṣe gún!" Ṣùgbọ́n Ọlọ́dà kò retí ìyìn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yin ara rẹ̀. Tó bá wọ bọ́ọ̀sì, tí bọ́ọ̀sì náà sì gba orí ìlà tó kùn kọjá, á fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ẹni tó jókòó tì í, á ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn." Nítorí ìwà yìí, ìyàwó rẹ̀ kì í fẹ́ jókòó tì í nínú ọkọ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní kánsù, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri ọ́fíìsì pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ọkùnrin tí kò gba ìwé ìbáwí rí, tí ìlà rẹ̀ kò wọ́ rí. Ó ń gbọ́ ọ, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn bí inú ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìnkùlé nígbà tí Alágbàfọ̀ wọlé. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wọn, ogún ọdún sì ni wọ́n ti jọ ń gbé bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀ ló ń fọ aṣọ ìdajì àdúgbò náà, òun náà ló sì ń lọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ tí Ọlọ́dà ní tó sún mọ́ ọn jù láyé. Apínlẹ́tà ni, ṣùgbọ́n Rọra ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ọ̀rọ̀ kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ rọra o." Ó ń sọ ọ́ fún aláboyún, ó ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ń sáré, ó ń sọ ọ́ fún ajá tó ń lé e. Ọlọ́dà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ òun, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí, ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún, kó tó dáhùn pé òun gbà.

Ọdún kan ti ń lọ báyìí tí mọ́tò kan gbá Rọra níwájú géètì ilé ìwòsàn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú àpò lẹ́tà ní èjìká rẹ̀. Ó dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e wọnú géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n," ni Alágbàfọ̀ wí. Ó mú àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́ tó kún fún pépà.

"Ìyàwó wa, káàárọ̀. Fa àpótí yẹn jókòó. Òórùn kẹrosíìnì nìkan ni mo ní láti fi gbà ọ́ lálejò."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sétí àpótí bí ẹni tí kò fẹ́ pẹ́. "Wọ́n ń ṣe ìpàdé kan ní gbọ̀ngán kánsù lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìrántí àwọn tí mọ́tò pa. Gbogbo àwa téèyàn wa kú sójú títì la máa wà níbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì dìde sọ̀rọ̀ nípa ẹni tiẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ nípa Rọra. Kí lo fẹ́ sọ?"

"Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bíi tọkọ mi."

Ọlọ́dà gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ogún ọdún ni mo fi gbọ́ 'rọra, rọra' nínú ilé yẹn. N ò lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná kó má sọ ọ́. Ọkùnrin yìí náà ló wá fi ìlà sílẹ̀, tó lọ ń sọdá níbi tó wù ú. Ogójì ìṣísẹ̀ péré! Ó wà nínú ìwé ọlọ́pàá. Ogójì ìṣísẹ̀ ni kò lè rìn, ló bá fi mí sílẹ̀. Tí mo bá ń lọ aṣọ báyìí, ìjà ni mo ń bá a jà. Màá ní, 'Kí ló ń lé ẹ? Lẹ́tà ta ni ò lè dúró?'" Ó nu imú. "Kò dá mi lóhùn ṣá."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọlọ́dà, ṣùgbọ́n òun náà ti gbọ́ ohun tí ọlọ́pàá kọ, kò sì rí ẹnu já a ní irọ́.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ títì," ni obìnrin náà tẹ̀ síwájú. "Ẹ bá mi kọ ohun tí mo máa sọ. Bí èèyàn ṣe ń sọdá, ibi tó yẹ kó dúró sí, gbogbo ẹ̀. Tí ọkọ ẹnì kan bá tipa ẹ̀ délé láyọ̀, ó tó mi." Ó na àpò náà sí i. "Ìwé ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kà á, n ò lè kà á mọ́."

Ọlọ́dà ṣèlérí pé òun á kọ ọ́. Kí ni ì bá tún sọ?

Lẹ́yìn tí Alágbàfọ̀ lọ, ó wọ àwò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà. Awakọ̀ sọ pé òun dẹ ẹsẹ̀ nígbà tí òun dé ibi ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá, pé òun kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, òun bá tẹ iná, mọ́tò sì sáré. Ogójì ìṣísẹ̀ síwájú, ọkùnrin kan wà láàárín títì. Mọ́tò gbá a, ó yà bàrá, ó sì lọ kọlu òpó pátákó kan tó jẹ́ ti kánsù, ó fà á tu. Ẹlẹ́sẹ̀ ló jẹ̀bi, nítorí kò gba orí ìlà. Wọ́n ti kó òpó náà lọ.

Ọlọ́dà kà á tán, ó pòṣé. "Wèrè wo ló kun ìlà ìsọdá sí ogójì ìṣísẹ̀ sí géètì ilé ìwòsàn?" ló bi ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ lórí okùn. "Ṣé aláìsàn ni kó rin ogójì lọ, kó tún rin ogójì bọ̀? Èèyàn tí ẹsẹ̀ ń dùn? Mo ní láti mọ ẹni yẹn. Mo máa bá a wí kí n tó fẹ̀yìn tì."

"Ẹ máa bínú lọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin náà kúkú ni ọ̀gá wọn."

Ohun kan tún ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nínú ìwé náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ òpó yẹn. Pátákó kí ni kánsù rì síwájú géètì?

Ní ọjọ́ Ajé, ó gba yàrá ìwé lọ. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, Ìyá Fáìlì ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti àwọn fáìlì náà, ó sì máa ń wọ súwẹ́tà bí oòrùn tilẹ̀ ń jó òrùlé. Kò sí ìwé tí kò lè rí nínú òkìtì yẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ráhùn ná.

"Ọ̀gá Ọlọ́dà, ẹ fẹ́ lọ sinmi, ẹ wá ń fi eruku yọ mí lẹ́nu," ló wí, ṣùgbọ́n ó ti ń gun àkàbà. Ó gbé fáìlì títì ilé ìwòsàn sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ọ́n, àwọn méjèèjì sín.

Pépà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwòrán títì tí ẹnjiníà yà. Iwájú géètì gan-an ni ìlà ìsọdá wà nínú àwòrán náà, ibẹ̀ náà ni pátákó aláwòrán ẹlẹ́sẹ̀ wà, èyí tó ń sọ fún èèyàn pé ibí ni kó ti sọdá. Pépà kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ri pátákó. Wọ́n ti rì í síwájú géètì bó ṣe wà nínú àwòrán. Pépà kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kun ìlà. "Ìlà ìsọdá, iwájú géètì ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ti parí." Ẹnì kan buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìrù gígùn kan tó yí po bí òkùn.

Ìrù yẹn, kò sẹ́lòmíì tó ń fà á bẹ́ẹ̀ ní gbogbo kánsù. Ọwọ́ Ọlọ́dà ló kọ ọ́. Ó wá àga, ó jókòó.

Ó wá rántí. Ọ̀dà ojú títì kì í ṣe ọ̀dà ara ògiri tí èèyàn lè dé lọ́mọrí títí di ọ̀la. Sísè ni wọ́n ń sè é nínú ìkòkò irin ńlá títí á fi yọ́, tó bá sì ti yọ́, àfi kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ náà, torí tó bá tutù sínú ìkòkò, òkúta ló dà yẹn. Lọ́dún méje sẹ́yìn, wọ́n ti se ọ̀dà débi tó ń hó kí wọ́n tó rí i pé tírélà kan ti bàjẹ́ síwájú géètì ilé ìwòsàn, ó dúró gbagidi sórí ibi tí wọ́n fẹ́ kùn. Awakọ̀ rẹ̀ ti lọ wá mẹkáníìkì. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa dé. Ọlọ́dà wo ìkòkò, ó wo tírélà, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká sún un síwájú díẹ̀. A ó padà wá ha á kúrò, ká kùn ún síbi tó yẹ." Wọ́n fi ẹnu ọ̀nà ilé onílé kan sílẹ̀, wọ́n fi ojú kòtò sílẹ̀, díẹ̀ yẹn sì di ogójì ìṣísẹ̀. Ìlà náà gún régé. Ó buwọ́ lu pépà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ láti ọ́fíìsì, torí kò sí òmíràn tí wọ́n fún un. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò lọ, iṣẹ́ míì ti dé. Ó gbàgbé ẹ̀ pátápátá.

Rọra kò gbàgbé ohunkóhun ní tirẹ̀. Apínlẹ́tà ni, kò sí ohun tí wọ́n kọ síta tí kì í kà. Ó rí pátákó tó ní kó sọdá níbí, ó sì sọdá níbẹ̀. Mọ́tò tó pa á ló fa pátákó náà tu, kánsù gbé e lọ, ó sì ku ìlà funfun nìkan lọ́hùn-ún láti jẹ́rìí lòdì sí i. Ẹ má bi mí pé ṣé kò sẹ́ni tó rántí pátákó náà ni. Ta ló ń wo pátákó? Ọdún mẹ́fà tó wà níbẹ̀, gbogbo wa ni ì bá fi ẹ̀yìn tì í láìmọ ohun tó wà lára rẹ̀.

Ọlọ́dà sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Fáìlì. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó pa fáìlì dé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí fáìlì yìí ń gbé," ni Ìyá Fáìlì wí jẹ́jẹ́. "Mo sì ti ń dàgbà. Mo máa ń gbàgbé ibi tí mo bá fi nǹkan sí."

Àánú ló fi sọ ọ́, Ọlọ́dà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà á jù ni pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ó dìde, ó fi fáìlì náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé bírò àti pépà síwájú láti kọ ọ̀rọ̀ tí Alágbàfọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ. "Ẹ máa gba orí ìlà kọjá." Ó kọ ọ́, ó fà á ya. "Ẹni tó bá fi ìlà sílẹ̀..." Ó fà á ya. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gba iwájú ilé ìwòsàn lọ, ó dúró sábẹ́ igi kan, ó sì ń ka àwọn tó ń sọdá. Ìyá kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná pọ̀n. Ọkùnrin kan ń fi ọ̀pá rìn. Ọmọbìnrin méjì di bàbá wọn mú lápá. Láàárín wákàtí kan, ó ka èèyàn mẹ́tàléláàádọ́ta, mẹ́ta péré ló lọ sí orí ìlà. Mọ́tò á dẹ ẹsẹ̀ níbi ìlà, wọn ò ní rí ẹnikẹ́ni, wọ́n á tẹ iná, wọ́n á sì ya lu àwọn aláìsàn níwájú géètì. Ìgbà méjì ló pariwo, "Ẹ dúró!" tí awakọ̀ kan sì bú u pé kí ló kàn án.

Ó kàn án. Ìyẹn ló mọ̀ nígbà tó délé.

Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹun tán. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Dádì wọn, ṣé wọ́n á tì yín mọ́lé ni?"

"N ò mọ̀."

"Ṣé wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì?"

"N ò mọ̀."

"Kí wá lẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó máa dìde lójú gbogbo èèyàn, á máa bú Rọra. Torí tèmi." Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Rọra, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo jọ. Òun náà fẹ́ràn Rọra. "Tó bá di ọ̀la, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́," ló wí níkẹyìn, ó sì kó àwo lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni Ọlọ́dà wọ yàrá tí Alágbàfọ̀ ti ń lọ aṣọ. Ooru inú ibẹ̀ pọ̀, aṣọ funfun kún orí okùn láti igun dé igun, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀. Obìnrin náà ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, ó ti dé orí kọ́là.

"Ẹ ti kọ ọ́ tán?" ló bi í. "Ẹ kà á sí mi létí. Ọwọ́ mi dí."

"N ò kọ ọ́. Ìyàwó wa, gbé áyọ́ọ̀nù yẹn kalẹ̀."

"Ẹ máa sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Ó sọ ọ́ lóòró. Kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò ọ̀dà, ó dé orí tírélà, ó dé orí pépà tó buwọ́ lù, ó sì dé orí pátákó tó wà níwájú géètì. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ obìnrin náà ń dẹ̀, títí ó fi dúró lójú kan. Èéfín yọ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Láti ìgbà tó ti ń ṣe alágbàfọ̀, kò jó aṣọ oníbàárà rí. Ọlọ́dà na ọwọ́, ó gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò, ó fa wáyà rẹ̀ yọ. Ojú jíjó náà pọ́n lórí àyà ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ tún un sọ," ni Alágbàfọ̀ wí. "Ibi tó dúró sí."

"Ibi tó yẹ kí ìlà wà. Ibẹ̀ gan-an. Kò ya sọ́tùn-ún, kò ya sósì. Pátákó ní kó sọdá níbẹ̀, ó sì ṣe ohun tí pátákó sọ. Èmi ni mo ṣì í. Rọra kò ṣì í."

"Ó wò ó kó tó sọdá?"

"Ṣé o mọ ìgbà kan tí Rọra sọdá láìwò?"

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn aṣọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹkún náà gba àárín ìka rẹ̀ jáde. "Má bínú," ló ń wí. "Ọkọ mi, má bínú. Ọdún kan gbáko ni mo fi bú ẹ. Mo bú ẹ lórí aṣọ, mo bú ẹ lórí oúnjẹ. Wọ́n ní ibojì ẹ ni kí n wá wò, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Má bínú sí mi."

Ọlọ́dà kúnlẹ̀ níbi tó wà, ọkùnrin tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. "Èmi ni kí n bẹ̀ ọ́..."

"Ẹ dìde." Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ sílé. N ò fẹ́ kí ẹnu mi sọ ohun tí n ò ní lè kó mọ́. Ẹ máa lọ."

Ó lọ. Láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Àìkú, kò gbọ́ ohunkóhun láti òdìkejì ògiri, kò tilẹ̀ gbọ́ ìró omi. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e padà lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngán kánsù kún. Ọlọ́dà jókòó sẹ́yìn, fáìlì tó lọ gbà lọ́wọ́ Ìyá Fáìlì sì wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde. Ìyá àgbà kan sọ nípa ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ràn láti máa súfèé. Ọkùnrin kan dìde, ó sọ pé ìbejì ni òun, lẹ́yìn náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì jókòó. Ó wá kan Alágbàfọ̀. Aṣọ rẹ̀ kò ní ìṣẹ́po kankan.

"Apínlẹ́tà lọkọ mi," ló bẹ̀rẹ̀. "Mo ti fẹ́ wá sọ nǹkan míì níbí lónìí. Mo fẹ́ wá sọ fún yín pé aláìbìkítà ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì gbà á gbọ́, èmi tí mo bá a sùn tí mo bá a jí fún ogún ọdún." Ó dúró, ó mí. "Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó yẹ kó ti sọdá ló ti sọdá. Ìlà ni kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ọkọ mi kò jẹ̀bi. Ẹ bá mi pa á rẹ́ nínú ìwé yín."

Ó jókòó. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì wẹ̀yìn. Ọlọ́dà rí i pé ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún òun láti jáde ní ìrọ̀rùn. Gbogbo ara rẹ̀ ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó dìde.

"Èmi ni mo kun ìlà náà," ló wí, ó sì rìn lọ síwájú pẹ̀lú fáìlì.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan pòṣé, òmíràn ní, "Ẹ gbọ́ o!" Bí ilẹ̀ bá lanu ní wákàtí yẹn, tayọ̀tayọ̀ ni Ọlọ́dà ì bá fi wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán, ó ṣí àwòrán náà síwájú ẹnjiníà kánsù, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tó yẹ kí ìlà wà. Ó tún sọ nípa àádọ́ta èèyàn tí òun kà níwájú géètì láàárín wákàtí kan. "Wọ́n ṣì ń sọdá níbẹ̀," ló wí. "Lónìí yìí. Ní báyìí tí a jókòó."

Ìwé ìbáwí dé ní ọjọ́ kejì, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wọ́n fagi lé ayẹyẹ ìdágbére rẹ̀. Ẹnjiníà kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá láti tún ìwé wọn ṣe, ọlọ́pàá sì tún un ṣe lẹ́yìn tí Alágbàfọ̀ lọ bẹ̀ wọ́n wò ní ìgbà mẹ́rin. Ohun kan ṣoṣo ni Ọlọ́dà bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kun ìlà náà kí òun tó lọ. Wọ́n gbà fún un.

Ó kùn ún ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì rẹ̀, nígbà tí mọ́tò kò tíì pọ̀. Wọ́n ha èyí àtijọ́ kúrò ná títí kò fi ku àmì kan. Àwọn tó ń ri pátákó náà wá lọ́jọ́ kan náà, nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá kánsù sílẹ̀, wọ́n sì fi gbogbo àárọ̀ náà bá àwọn ọlọ́dà jiyàn lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ gbé kóònù tí wọ́n fi ń dí títì. Ọlọ́dà kò bá wọn dá sí i. Ó na okùn láti àárín géètì, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó pe ẹlòmíì pé kó wá wọ̀n ọ́n.

Ọ̀dà náà ti gbẹ, wọ́n sì ti ń kó kóònù kúrò, nígbà tó rí Alágbàfọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì géètì. Obìnrin náà kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó wá dúró tì í, ó ń wo ìlà.

"Ìyàwó wa," ni Ọlọ́dà wí, "mo fẹ́ bẹ̀ ọ́..."

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣì ń bínú sí yín. Ó sì máa pẹ́." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlà. "Àmọ́ ẹ̀yin wà láyé. Tí mo bá pariwo mọ́ yín, ẹ máa dá mi lóhùn. Mo máa wá pariwo mọ́ yín. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi tí mo bá wá."

"Màá ṣí i."

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀kalẹ̀ sórí ìlà àkọ́kọ́. Mọ́tò kékeré kan ń bọ̀ láti ọ̀nà ọjà, ó ń sáré díẹ̀. Ọlọ́dà ti na ọwọ́ láti fà á padà kí awakọ̀ náà tó tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró. Alágbàfọ̀ sọdá, kò yára, ó dé iwájú géètì ilé ìwòsàn, ó sì dúró síbẹ̀. Kò ní ohunkóhun láti ṣe nílé ìwòsàn. Ó yí padà, ó tún sọ̀kalẹ̀ sórí ìlà. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ láti òdìkejì, òun náà dúró, awakọ̀ rẹ̀ sì juwọ́ sí i pé kó máa kọjá.

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́dà, omijé ti bo ojú rẹ̀.

"Wọ́n dúró," ló wí, bí ẹni tó ń sọ fún ẹlòmíì tí kò sí níbẹ̀. "Wọ́n dúró."